Ẹ̀kọ́ Ìdárayá Nílé-Ìwé: Ọ̀ranyàn Lórí Ìwé, Àwátì Nínú Ọgbà

Ní ọdún 2025, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà kéde ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé girama àgbà, ó sì ní ìdí tí òun fi ṣe é ni pé iye iṣẹ́ tí wọ́n ń kó lé àwọn ọmọ lórí ti pọ̀ jù. Ohun tí ó gba ẹnu àwọn ènìyàn lẹ́yìn ìkéde náà ni ẹ̀kọ́ ìtàn Nàìjíríà, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Díẹ̀ ni àwọn tí ó fiyè sí i pé Ẹ̀kọ́ Ìdárayá àti Ìlera, tí àwọn olùkọ́ máa ń pè ní PHE, tún ti di iṣẹ́ tí ó dá dúró lórúkọ ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré. Ìyẹn ló jẹ́ kí àríyànjiyàn àtijọ́ kan tún jí dìde: ṣé ó yẹ kí ilé-ìwé mú un ní ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ láti ṣe ìdárayá ní àsìkò tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, àbí kí ó jẹ́ ti ẹni tí ó bá wù, lẹ́yìn tí agogo ìjáde bá ti lù?

Kí a tó lè dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣètò ìlànà ẹ̀kọ́, ṣe, tí àwọn ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2008, ìdárayá wà lára ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́. Nígbà tí àjọ náà tún ìlànà yìí gbé yẹ̀ wò láàárín 2012 sí 2014, ó da iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan: sáyẹ́ǹsì ìpìlẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpìlẹ̀, kọ̀ǹpútà àti ìdárayá. Basic Science and Technology ni wọ́n sọ àdàpọ̀ náà, BST lẹ́nu àwọn ọmọ. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò burú, nítorí iye iṣẹ́ tí ọmọ kékeré ń ṣe nígbà náà ti kọjá ohun tí ọpọlọ rẹ̀ lè gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ṣòro láti rí: nígbà tí máàkì kan ṣoṣo bá dúró fún iṣẹ́ mẹ́rin, tí mẹ́ta nínú wọn sì ṣeé kọ́ ní ìjókòó, èyí tí ó ń béèrè pé kí a jáde síta ni yóò kọ́kọ́ di ohun ìgbàgbé. Ọmọ lè gba máàkì tó dára gan-an nínú BST láìsáré ìgbésẹ̀ mẹ́wàá láàárín ọdún. Ní girama àgbà, ọ̀ràn náà yàtọ̀ pátápátá, nítorí iṣẹ́ àṣàyàn lásán ni ìdárayá jẹ́ níbẹ̀. WAEC àti NECO ń ṣe ìdánwò rẹ̀, JAMB náà sì ti fi kún àwọn iṣẹ́ tí ènìyàn lè yàn, àmọ́ ẹni tí kò bá yàn án kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́ títí tí yóò fi jáde.

Nítorí náà, fún ọmọ tí kò tíì kọjá girama kékeré, ọ̀ranyàn ti wà lórí ìwé fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè tí ó kù, tí ó sì le jù, ni ohun tí ọ̀ranyàn náà ti dà nígbà tí ó bá dé inú kíláàsì. Ẹni tí ó bá yọjú sí àsìkò ìdárayá ní púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé wa yóò bá àwọn ọmọ ní ìjókòó. Olùkọ́ á kọ ọ́ sí ojú pátákó pé àlàfo àárín òpó méjèèjì ilé góòlù jẹ́ mítà 7.32, pé gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.44, àwọn ọmọ á dà á kọ, ìdánwò ìparí táàmù á bi wọ́n, wọn á sì yege. Wọ́n á kọ́ bí asáré ẹlẹ́ni mẹ́rin ṣe ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ọwọ́ yóò wà lókè tàbí nísàlẹ̀, láìjẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo nínú kíláàsì náà ti fojú kan ọ̀pá yẹn rí. Mi ò sọ pé ìmọ̀ inú ìwé kò wúlò, nítorí ọmọ nílò láti mọ ohun tí ọkàn ń ṣe nígbà tí ènìyàn bá ń sáré. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe ìyẹn nìkan ni wọ́n pè ní ìdárayá. Bí ó bá sì wá kù díẹ̀ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, àní àsìkò tí wọ́n ń fi kọ nóòtì yẹn náà á bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò, kò sì sí òbí tí yóò lọ ṣàròyé pé wọ́n fi ọmọ òun du ìdárayá.

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí àwọn òbí rí àìsí yìí, òun náà ni ìdíje ọdọọdún láàárín àwọn ilé nínú ilé-ìwé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ìntáhaosì. Kò sí ẹni tí ó lọ sílé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ adùn rẹ̀: ilé pupa, ilé búlúù, ilé aláwọ̀ ewé, ilé aláwọ̀ òféèfèé, ìlù ń dún, àwọn ọmọ ń yan bí ológun níwájú àlejò pàtàkì lábẹ́ kánópì, àwọn òbí ń yin ara wọn. Ọjọ́ ayọ̀ ni, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fagi lé e. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ka iye ọmọ tí ó sáré lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ti fi ìdíje ránpẹ́ ṣa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá, àwọn yẹn ló sáré mítà 100, àwọn kan náà ló tún padà wá sáré 200 àti ti ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ìyókù wọ aṣọ ilé wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ sílé. Pápá ilé-ìwé ti bí àgbà ọ̀jẹ̀ lóòótọ́, St. Finbarr's College ní Akọka l'Ékòó ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti kàwé kí orúkọ wọn tó kárí ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn bí irú tiwọn yóò wá bọ́ọ̀lù kiri títí tí yóò fi rí i. Ọmọ tí ó ń sanra ju bí ó ti yẹ lọ, tí èémí rẹ̀ ń já lẹ́yìn àtẹ̀gùn méjì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í yàn sí ẹgbẹ́ kankan, ni ẹ̀kọ́ ìdárayá wà fún, òun sì ni ìntáhaosì kì í kàn.

Àṣà kan tún wà tí ó burú ju àìsí pápá lọ, tí a kì í sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó. Ní ilé-ìwé wa, ìyà ni ìdárayá. Ọmọ tí ó pẹ́ dé a máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti ẹnu géètì dé ọ́fíìsì. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé á fi ìka kan kan ilẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní píkì-píìnì. Ẹni tí ó bá pariwo á sáré yí pápá ká. Olùkọ́ ìdárayá gan-an, ẹni tí a máa ń pè ní gémùs máásítà, òun náà ni a sábà máa ń fi ṣe ẹni tí ó ń mú pankẹ́rẹ́ dání. Lẹ́yìn ọdún méjìlá tí ọmọ ti fi mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ló ń sáré, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ó bá dàgbà tán tí kò fẹ́ rìn dé ìta. Bí ìjọba kan bá fẹ́ ṣe ohun kan ní ọjọ́ òní láìná kọ́bọ̀, kí ó fòfin de fífi ìdárayá jẹ ọmọ níyà, nítorí àṣà yìí ń bá ẹ̀kọ́ náà jẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Àwọn àgbà máa ń béèrè pé kí ni gbogbo èyí wà fún, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn kò ní olùkọ́ ìdárayá kankan, síbẹ̀ ara wọn le. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó ń rin máìlì méjì lọ sílé-ìwé, tí ó ń pọnmi lówùúrọ̀, tí ó ń lọ sóko lọ́sàn-án, tí ó tún ń ta súwè tàbí ten-ten nígbà tí òṣùpá bá yọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ìdárayá sí inú àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé e lọ, bọ́ọ̀sì ló gbé e bọ̀; ilé tí ó ń gbé kò ní àgbàlá, òbí rẹ̀ sì ń bẹ̀rù ajínigbé, kò sì ní jẹ́ kí ó jáde lọ ṣeré ní àdúgbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2020, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, bí a bá pín gbogbo ti ọ̀sẹ̀ dọ́gba, kí èyí tí ń mú kí èémí yára, tí ó sì ń fún iṣan àti egungun lágbára, wà níbẹ̀ ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìwádìí tí àwọn oníṣẹ́ àjọ náà tẹ̀ jáde ní 2019 lórí àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 ní orílẹ̀-èdè 146 fi hàn pé ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò dé ìwọ̀n náà. Ti àwọn ọmọbìnrin jẹ́ 85, ti àwọn ọmọkùnrin 78.

Ibí ni ọ̀rọ̀ "ní àsìkò ilé-ìwé" ti wá ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bóyá lówùúrọ̀ bóyá ní ìrọ̀lẹ́, ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà. Bí a bá sún ìdárayá di ẹ̀yìn agogo ìjáde, a ti yan àwọn tí yóò ṣe é tán. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà kò ní dúró. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìn, tí ó gbọ́dọ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ kan náà, kò ní dúró. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń retí kí ó wá dáná kò ní dúró. Àwọn ọmọ tí òbí wọn rọ́wọ́ mú díẹ̀ náà kò ní dúró, nítorí ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ń sanwó fún ń dúró dè wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí yóò kù ni àwọn tí eré ti wà lára wọn láti ilé wá. Láàárín agogo méjèèjì nìkan ni ilé-ìwé ti ní gbogbo ọmọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin. Àjọ UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ láti ọdún 1978 pé ẹ̀tọ́ ènìyàn ni ẹ̀kọ́ ìdárayá, ó sì tún ìwé náà ṣe ní 2015. Ẹ̀tọ́ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ráyè nìkan ni ó lè gbà á, orúkọ mìíràn ló yẹ kí a fún un.

Àtakò tí ó lágbára jù lọ ni ti ìdánwò. Òbí tí ó ń tajà kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé kò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n mú wákàtí méjì kúrò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kí àwọn ọmọ lè máa fò sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò ní dá a lẹ́bi, nítorí ìwé ẹ̀rí WAEC ni ilẹ̀kùn tí ó rí. Àmọ́ àwọn kan ti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní ìlú Trois-Rivières ní Québec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, láàárín 1970 sí 1977, wọ́n fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àfikún wákàtí márùn-ún ìdárayá lọ́sẹ̀, lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, wọ́n sì dín àsìkò àwọn ẹ̀kọ́ tó kù kù ní ìdá 13 tàbí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Máàkì wọn kò wálẹ̀. Ó tilẹ̀ sàn díẹ̀ ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Ní Bunkeflo, lẹ́bàá ìlú Malmö ní Sweden, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdárayá ojoojúmọ́ ní 1999, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ló yege láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé jẹ́ 89. Kò yẹ kí a lọ fi ìwádìí wọ̀nyí tan òbí pé eré yóò sọ ọmọ rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ Québec jẹun kí ó tó sáré, kíláàsì rẹ̀ kò sì kún bí ti Mushin. Ohun tí a lè dì mú nínú rẹ̀ ni pé àsìkò tí a bá fún ara kò fi dandan jẹ́ èyí tí a jí lọ́wọ́ ìwé.

Ìdènà tí ó wá tẹ̀lé e, tí kò sí ìwádìí tí ó lè yanjú rẹ̀, ni ilẹ̀. Nígbà tí Lateef Jákàńdè ń ṣe gómìnà ní Èkó láàárín 1979 sí 1983, ó kọ́ kíláàsì lọ́pọ̀ yanturu láti fòpin sí ètò tí àwọn ọmọ kan fi ń wá láàárọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń wá lọ́sàn-án. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Láti ìgbà náà, èrò Èkó ti di púpọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ, ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta ló ń pín ọgbà kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ ibi, kíláàsì tuntun tí wọ́n bá sì fẹ́ kọ́, orí pápá ni wọ́n ń kọ́ ọ sí nítorí pé kò sí ibòmíràn. Ti àwọn ilé-ìwé aládàáni tún yàtọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ fún gbígbé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ́ni, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni pápá ìṣeré wọn, ìgbà tí ìntáhaosì bá sì tó, wọ́n á lọ háyà pápá ilé-ìwé ìjọba fún ọjọ́ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá púpọ̀ ti ń dàgbà, irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ dé ìwọ̀n tí ó fi di ọ̀rọ̀ òṣèlú: wọ́n ń ta pápá ilé-ìwé fún àwọn tí ń kọ́ ilé. Abala 77 nínú òfin ilé-ìwé tí wọ́n ṣe ní 1998 ló sọ pé ilé-ìwé ìjọba kankan kò gbọ́dọ̀ ta pápá láìgba àṣẹ mínísítà. Òfin náà kò dá gbogbo títà dúró, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di ohun tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, tí a sì lè bi léèrè.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ọ̀ranyàn ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá fún un ní eyín, kò nílò láti rìn jìnnà. Kí ó kọjá ẹnubodè lọ sí Kétu, Sábẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ ní Orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ Yorùbá tí ó ń kàwé níbẹ̀ mọ̀ pé kí òun tó gba BEPC, ìyẹn ìwé ẹ̀rí girama kékeré, tàbí báàkì tí ó dàbí WAEC tiwa, òun yóò kọ́kọ́ lọ sí pápá, níbi tí àwọn olùdánwò yóò ti wo bí òun ṣe ń sáré, bí òun ṣe ń fò àti bí òun ṣe ń ju òkò irin, tí wọn yóò sì kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ti ìṣirò àti ti èdè Faransé. EPS ni wọ́n ń pè é, láti inú èdè Faransé. Àjàṣẹ́ gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga INJEPS wà, tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìdárayá. Togo náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Iye tí máàkì náà wọ̀n kò pọ̀, síbẹ̀ ó tó láti má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ ìṣirò gba àsìkò olùkọ́ EPS, nítorí òbí ọmọ náà yóò béèrè. Kì í ṣe pé wọn kò ní ìṣòro: pápá wọn máa ń ní eruku, àwọn ọmọ kan kì í ṣe ìdárayá àfi ìgbà tí ìdánwò bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń wá ìwé dókítà kiri kí wọ́n lè yọ ara wọn kúrò. Mo ṣì rò pé ọ̀nà yìí sàn ju tiwa lọ, nítorí pé ohun tí a ń díwọ̀n ní ọ̀dọ̀ wọn ni ara tí ó ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ, bí ó ti dára tó àti bí ó ti yá tó, ni a ń díwọ̀n ní tiwa.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin yẹ kí a fún ní àyè tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ranyàn ti lè ṣe àǹfààní jù, ibẹ̀ náà sì ni ó ti lè fa ìjà jù. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó lọ sí ilé-ìwé girama Our Lady of Apostles níbẹ̀, ni ó sáré fò ìdènà mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje 2022. Títí di ọjọ́ náà, kò sí obìnrin kankan láyé tí ó tíì sáré rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò fẹ́ kí òun máa sáré, pé ìyá òun ló ń bá òun bò ó. Bí ọmọ tí ó ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ bá nílò kí ìyá rẹ̀ bò ó láṣìírí, kí ni ká wá sọ nípa ọmọ tí kò ní ju kí ó kàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbádùn ara rẹ̀? Níbi tí ìdárayá bá ti jẹ́ ọ̀ranyàn láàárín ọjọ́, kò sí pé ọmọbìnrin ń tọrọ àyè. Ọ̀rọ̀ aṣọ tí àwọn òbí kan ń ṣàníyàn lé lórí kò le tó bí a ṣe ń gbé e: Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní oṣù Kẹfà 2022 pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù nílé-ìwé ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó, FIFA ti gba ìborí láàyè lórí pápá bọ́ọ̀lù láti 2014, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé sì tẹ̀lé e ní 2017. Ṣòkòtò gígùn àti ìborí tí kò ní já kò dí eré lọ́wọ́. Ohun tí ó ń dí ọmọbìnrin lọ́wọ́ ju aṣọ lọ ni pé kò sí yàrá tí yóò ti pààrọ̀ aṣọ, kò sí omi tí yóò fi ṣan ara, tí kò sì sí ẹni tí ó ronú sí ọjọ́ tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí wọ́n gba ife Yúróòpù ní 2022 ní láti kọ lẹ́tà sí ìjọba kí wọ́n tó lè gbọ́, ní oṣù Kẹta 2023, pé àwọn ọmọbìnrin yóò ní àǹfààní kan náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, pẹ̀lú ó kéré tán wákàtí méjì ìdárayá lọ́sẹ̀.

Ọ̀ranyàn kò sì gbọ́dọ̀ di afọ́jú. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ tí jẹnotáìpù wọn jẹ́ SS pọ̀ bí ti tiwa, olùkọ́ tí kò mọ̀ pé àárẹ̀ àti òùngbẹ lè dá ìrora sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó di fèrè mú. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée nílò ìfàsímú rẹ̀ nítòsí. Oòrùn agogo méjìlá lóṣù Kejì kì í ṣe ohun tí a ń fi ọmọ sí abẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ebi: ọmọ tí kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àárọ̀ lè ṣubú. Àwọn kan ń lo gbogbo èyí láti sọ pé kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pátápátá. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ni pé olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ ló yẹ kí ó kọ́ni, pé àárọ̀ ló yẹ kí a fi ìdárayá sí, pé omi gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà, àti pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á gbọ́dọ̀ rí ohun mìíràn ṣe tí kò ní sọ ọ́ di ẹni ìyẹ̀yẹ́. A ti ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka kan wà fún un ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ náà ń fún wọn ní NCE. Nígbà tí wọ́n bá sì parí, a máa ń rí i pé sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni ọ̀gá ilé-ìwé ń ní kí wọ́n kọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bi í nípa ìdárayá.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi bí ìtara ìjọba nìkan kò ṣe tó hàn wá. Nígbà tí Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà níbẹ̀, láti 2010 sí 2018, ó dá ètò ìdárayá ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní calisthenics, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ti máa gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní pápá ìṣeré Òṣogbo tí àwọn àlejò yóò sì máa wò. Ó dùn-ún wò, ó sì ṣeé yìn pé ìjọba kan ka ara ọmọ sí. Ṣùgbọ́n àfihàn ni, àfihàn sì máa ń bá ẹni tí ó pè é lọ nígbà tí sáà rẹ̀ bá parí. Ohun tí ó wà nínú àtẹ àkókò ẹ̀kọ́, tí ó ní olùkọ́, tí ó ní máàkì, tí olùbẹ̀wò sì ń wá wò, ni gómìnà tuntun kì í lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa rẹ́.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a tètè yọ̀ jù lórí pé PHE ti gba orúkọ rẹ̀ padà. Abuja ló ṣe ìlànà, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé-ìwé ìjọba, àwọn ló ń gba olùkọ́, àwọn ló ń rán olùbẹ̀wò, àwọn náà ló ń fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ilé-ìwé aládàáni tí kò ní pápá. Lọ́wọ́ wọn ni ó wà bóyá apá kan nínú máàkì PHE yóò jẹ́ ti ohun tí ọmọ fi ara ṣe, bóyá àsìkò rẹ̀ yóò jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àti bóyá wọn yóò jẹ́ kí ilé-ìwé mẹ́ta tó wà nínú ọgbà kan pín pápá kan lò ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dípò kí wọ́n kọ́ kíláàsì sí i lórí. Òbí tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ilé-ìwé ọmọ òun dúró sí kò nílò láti ka ìlànà kankan. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, ní ọjọ́ tí ìdárayá bá wà, bóyá ó làágùn. Ní ti girama àgbà, ìlànà tuntun kò yí nǹkan kan padà: iṣẹ́ àṣàyàn ni ìdárayá ṣì jẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá parí JSS3 lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè jókòó láti ọjọ́ náà títí tí yóò fi ṣe WAEC, ìyẹn sì wà láàárín ọjọ́ orí gan-an tí ìwádìí ọdún 2019 ti rí i pé ọmọ mẹ́rin nínú márùn-ún kì í lo ara wọn tó.